Ìbòkun Àti Àwọn Ìlú Kéékèèké Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: Àwọn Ọmọ Tó Gbé Orúkọ Ilé Dé Ọ̀nà Jíjìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá sì fẹ́ mọ ìdí tí òkìkí àwọn Ìjẹ̀ṣà fi kàn káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, kì í ṣe Iléṣà nìkan ni ó yẹ kí a wò. Púpọ̀ nínú àwọn tí ayé ń pè ní ọmọ Ìjẹ̀ṣà pàtàkì ni kì í ṣe ọmọ Iléṣà rárá. Ọmọ ìlú kéékèèké ni wọ́n, àwọn ìlú tí ọkọ̀ máa ń kọjá lọ́nà Òṣogbo, Àkúrẹ́ tàbí Ilé-Ifẹ̀, tí èrò inú ọkọ̀ kò sì ní béèrè orúkọ wọn. Ìtàn irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀ àti ti àwọn ọmọ wọn ni a kó jọ síhìn-ín, bẹ̀rẹ̀ láti Ìbòkun.

Ìbòkun, ìlú Ọbọkun

Àríwá Iléṣà ni Ìbòkun wà, ó sì wà ní ìlà oòrùn Òṣogbo. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọbọkun ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ènìyàn ilẹ̀ Nàìjíríà ní 2006, ènìyàn 116,511 ni wọ́n kà ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà, tí Ẹ̀sà-Òkè, Ìmẹ̀sí-Ilé, Ọ̀tán-Ilé, Ìlàsẹ̀ àti Ìlarè wà lára rẹ̀. Bí a bá fi èyí wé Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, a ó rí i pé ìlú kékeré ni Ìbòkun í ṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kéré. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe fi yé wa, ojú Odùduwà fọ́ ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, Ifá sì ní omi òkun ni wọn yóò fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó kù kò lè lọ. Ajíbógun nìkan ni ó gbéra, tí ó rìn títí dé etí òkun, tí ó sì bu omi náà wálé. Ojú Odùduwà là, ṣùgbọ́n kí Ajíbógun tó padà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti pín ogún tán. Idà ni bàbá rẹ̀ fún un. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pè é ní Ọbọkun, èyí tí wọ́n túmọ̀ sí ẹni tí ó bu omi òkun. Orúkọ yìí ni ó di oyè tí a ń pe ọba Iléṣà títí di òní: Ọwá Ọbọkun Adìmúlà.

Ìtàn kan náà ni ó sọ pé ìdílé Ọwá kò dédé dé Iléṣà. Wọ́n ti ṣe ibùjókòó ní àwọn ibòmíràn kí wọ́n tó fi Iléṣà ṣe olú ìlú. Lára wọn ni Ìgbàdàé, Ìlọwá, Ìpólé, àti Ilémúrè, èyí tí í ṣe orúkọ àtijọ́ Ìbòkun. Nítorí náà, Ìbòkun ti wà nínú ìtàn kí Iléṣà tó di ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ aládé ti ṣí lọ ni òkìkí náà bá wọn lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pe oyè Ọbọkun tí kò rántí Ìbòkun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ìbòkun yìí náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìlú kéékèèké títí di òní: ìlú kékeré a bí ọmọ, ìlú ńlá a gbà á, orúkọ ilé ọmọ náà a sì máa pòórá.

Ta ni ọmọ ìlú?

Kí a tó dárúkọ àwọn yòókù, ó yẹ kí a mọ ẹni tí Yorùbá ń pè ní ọmọ ìlú. Ní ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, ibi tí wọ́n ti bí ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń kọ sílẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, agbo ilé bàbá ni a máa ń béèrè. A lè bí ọmọ sí Kánò tàbí sí Lọ́ńdọ̀nù, kí ó sì jẹ́ ọmọ Ìbòkun pọ́ńbélé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Ìjẹ̀ṣà gan-an, nítorí arìnrìn-àjò ni wọ́n. Nígbà ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà a máa ta ọjà àwìn láti ìlú dé ìlú. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ gbèsè, wọn a ní àwọn kò ní dìde àfi bí àwọn bá gbowó àwọn. Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Irú ìṣòwò bẹ́ẹ̀ ni ó tú àwọn Ìjẹ̀ṣà ká sí ìlú onílùú, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, wọn a wálé. Bí owó bá sì dé, ilé ni wọn yóò kọ́kọ́ kọ́ sí ìlú bàbá wọn.

Ògèdèǹgbé: jagunjagun láti Àtórin

Bí a bá dárúkọ akọni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Orísàráyíbí ni orúkọ rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1822 ni wọ́n sì bí i ní Àtórin, ìletò kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn jagunjagun Ìbàdàn mú un lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni ó sì ti kọ́ ọgbọ́n ogun tí ó padà wá fi bá wọn jà.

Ní 1877 ni ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀. Àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn para pọ̀ láti kọ ìjọba Ìbàdàn, pàápàá jù lọ àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi jẹ lé wọn lórí. Fábùnmi ará Òkè-Ìmẹ̀sí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dìde. Ògèdèǹgbé ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀gágun Èkìtìparapọ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbọkun lónìí, ni ibùdó ogun Èkìtìparapọ̀, nígbà tí Ìbàdàn fi Ìgbájọ ṣe tiwọn. Ní ọjọ́ 23, oṣù kẹsàn-án, 1886, ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó túká pátápátá.

Àwọn òyìnbó mú Ògèdèǹgbé ní 1894, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nígbà tí ó padà dé, wọ́n fi oyè Ọwá lọ̀ ọ́, ó kọ̀ ọ́. Oyè Ọbańlá Iléṣà ni ó gbà ní 1898, oyè yìí ni ó sì wà lórí rẹ̀ títí tí ó fi kú ní 1910. Iléṣà ni ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn tí ó mọ Àtórin kò tó nǹkan.

Bọ́lá Ìgè: ọmọ Kàdúná tó jẹ́ ti Ẹ̀sà-Òkè

Olóyè Ajíbọ́lá Ìdòwú Ìgè ni àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ lórí ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ ìlú. Ìhà Àríwá Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 13, oṣù kẹsàn-án, 1930, Ìwọ̀ Oòrùn ni ó sì ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní Ibadan Grammar School àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó di agbẹjọ́rò ní 1961. Òun fúnra rẹ̀ kọ ìwé kan nípa ìgbà èwe rẹ̀, ó sì pè é ní Kaduna Boy. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé ọmọ Kàdúná ni. Ẹ̀sà-Òkè, tí kò jìnnà sí Ìbòkun, ni ìlú àwọn òbí rẹ̀, Ẹ̀sà-Òkè ni ìlú tirẹ̀ náà.

Kò tíì pé ogójì ọdún nígbà tí ó di kọmíṣánnà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ ìjọba ológun. Ní oṣù kẹwàá, 1979, ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN, ẹgbẹ́ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1983. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà lára ètò ẹgbẹ́ náà. Lásìkò ìjọba rẹ̀ ni ẹ̀ka Pólì Ìbàdàn kan bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀sà-Òkè. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991, ẹ̀ka náà di ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìpínlẹ̀ tuntun náà.

Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní 1999, ó di mínísítà fún iná mànàmáná, lẹ́yìn náà ó di mínísítà fún ètò ìdájọ́. Ipò yìí ni ó wà nígbà tí àwọn apààyàn wọlé tọ̀ ọ́ ní Bódìjà, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 23, oṣù kejìlá, 2001, tí wọ́n sì yìnbọn pa á. Ilé ẹjọ́ kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú náà. Ìbàdàn ni wọ́n ti pa á, ṣùgbọ́n Ẹ̀sà-Òkè ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sin. Ọmọ tí wọ́n bí sí òde ọba ni ìlú bàbá rẹ̀ gbà sí àyà.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni omi Olúmirìn ti ń dà láti orí òkè. Ibẹ̀ ni ìlú Pásítọ̀ William Fọlọ́runṣọ́ Kúmúyì. Ní Ìfẹ̀wàrà, ìlú tó tan mọ́ Ilé-Ifẹ̀ nínú ìtàn ṣùgbọ́n tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àtakúnmọ̀sà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni wọ́n bí Pásítọ̀ Enoch Adéjàre Adébóyè sí ní ọjọ́ 2, oṣù kẹta, 1942. Ọ̀nà àwọn méjèèjì jọra lọ́nà tó ya ni lẹ́nu. Àwọn méjèèjì ni wọ́n gba oyè àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ ìṣirò ní 1967. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó. Ní 1973 ni Kúmúyì bẹ̀rẹ̀ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 15, èyí tí ó di ìjọ Deeper Life. Ọdún yẹn kan náà ni Adébóyè wọ ìjọ Ìràpadà, tí ó sì di alábòójútó àgbà rẹ̀ ní 1981, lẹ́yìn ikú Josiah Akíndayọ̀mi tó dá ìjọ náà sílẹ̀. Ọmọ ìlú kéékèèké ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìjọ tí wọ́n ń darí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lágbàáyé.

Ọláṣọrè: ẹni tó padà wálé

Àwọn kan wà tí wọ́n lọ, tí wọ́n sì padà. Olóyè Ọládélé Ọláṣọrè ṣe iṣẹ́ báńkì títí tí ó fi dé ipò gíga, wọ́n sì fi í ṣe alábòójútó ètò ìnáwó orílẹ̀-èdè ní 1993. Lẹ́yìn èyí, ìlú rẹ̀, Ìlokò-Ìjẹ̀ṣà, ni ó padà sí, níbi tí ó ti jọba gẹ́gẹ́ bí Alókò. Ní 1994 ni ó dá Olashore International School sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí ilé ẹ̀kọ́ yìí, àwọn òbí láti Èkó àti Àbújá ń rán ọmọ lọ sí ìlú tí wọn kì bá má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Ó wàjà ní 2012, ilé ẹ̀kọ́ náà sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àlejò tí ìlú sọ di ọmọ

Ìkéjì-Arákejì fi hàn pé ìlú lè gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Odò-Ọ̀wá, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1904. Ní oṣù kẹwàá, 1928, ó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà ní títì Iléṣà sí Àkúrẹ́, nígbà tí ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́ nítòsí Ìkéjì. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti gbọ́ ohùn tí ó pe òun sí iṣẹ́ ìwàásù. Ní 1930, ìsọjí ńlá tí ó wáyé ní Òkè-Ooye, Iléṣà, sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀. Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kírísítì ni èso ìsọjí náà. Ní 2006, yunifásítì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìkéjì-Arákejì, ní ilẹ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ gbé dákú.

Ohun tó kù nílé

Bí a bá wo gbogbo ìtàn yìí, a ó rí i pé òkìkí nìkan kò tó láti gbé ìlú ró, nítorí òkìkí a máa bá olówó rẹ̀ lọ. Ohun tí a fi sílẹ̀ nílé ni kì í bá ènìyàn lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wà ní Ẹ̀sà-Òkè, ó wà ní Ìlokò, ó wà ní Ìkéjì. Ìwé àdéhùn ogun Kírìjì ni a fi ń rántí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àtórin kò ní ju orúkọ tí àwọn òpìtàn ń dá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìbòkun ní ìtàn tó ti pẹ́ ju ti gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn àgbà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà. Àgbà kò sì ní wà títí. Bí àwọn ọmọ ìlú bá kọ orúkọ àwọn bàbá wọn sílẹ̀ nísinsin yìí, ní ilé ẹ̀kọ́, ní ààfin àti nínú ìwé, ẹni tó bá pe Ọwá ní Ọbọkun lọ́la yóò mọ ibi tí orúkọ náà ti kọjá kí ó tó dé Iléṣà. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.