Àwo Tọ́lẹ́ẹ̀tì Kọ́ Ló Jẹ̀bi

Ẹni tó bá jókòó ti olóògùn nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré yóò gbọ́ ọ. Obìnrin tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún á wọlé, á wò yíká, á rẹ ohùn sílẹ̀: "Ẹ bá mi wá oògùn tọ́lẹ́ẹ̀tì ínfẹ́kíṣọ̀n." Olóògùn ò ní bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé òun ni. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n ní gbogbo ìgbà, tó tọ̀ tí kò tán, tó ní kí òun dìde tí ẹ̀kán méjì mẹ́ta tún bọ́ sí i láṣọ, orúkọ kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́ lẹ́nu wa. Wọ́n á ka kápúsù sínú ọ̀rá fún un, á sanwó, á lọ. Kó tó pé oṣù, ó ti padà dé.

Àṣìṣe inú orúkọ yẹn kéré lójú, àmọ́ ohun tó ń fà kò kéré. Ó ń nàka sí àwo tí ẹlòmíì ti jókòó lé, nígbà tó jẹ́ pé inú àpò ìtọ̀ ẹni náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo ní ìfura kan nípa ìdí tí orúkọ náà fi tètè gbilẹ̀. Àtọ̀sí la máa ń pe ọ̀pọ̀ nínú irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ sì ni àtọ̀sí máa ń mú wá sọ́kàn. Opó tó bá ní ìtọ̀ ń dun òun, ẹ ti mọ ohun tí àwọn ará ilé yóò máa sọ lẹ́yìn rẹ̀. Tọ́lẹ́ẹ̀tì kò ní ẹnu, kò lè ní wọ́n parọ́ mọ́ òun. A bá di ẹrù náà lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká gbà fún orúkọ náà níbi tó ti jàre díẹ̀. Òótọ́ ni pé kòkòrò máa ń wọ ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin ju ti ọkùnrin lọ: tiwọn kò gùn ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ti ọkùnrin tó nǹkan bíi 20. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó sábà ń ṣe é, èyí tí wọ́n ń pè ní E. coli, inú ìfun ẹni náà fúnra rẹ̀ ló ti ń wá. Ẹ̀yìn ló ti ń rìn bọ̀ wá síwájú. Itan àti ìdí ló ń kan àwo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ìtọ̀ kì í gba itan jáde.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ìgbà tí nǹkan oṣù ń lọ ni wàhálà ń dé? Láàárín ọdún 45 sí 55 ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń rí òpin nǹkan oṣù wọn, hómónù tó ń jẹ́ ẹ́sítírójìn á sì dín kù gan-an. Ẹ́sítírójìn kì í ṣe ti ilé ọmọ nìkan. Ojú ara, ọ̀nà ìtọ̀ àti ìsàlẹ̀ àpò ìtọ̀, gbogbo wọn ló ń jẹ nínú rẹ̀. Bó bá ti lọ, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á gbẹ, á máa ta. Àwọn kòkòrò rere kan tún wà tó ń mú kí ojú ara kan díẹ̀, tí kò fi ní rọrùn fún kòkòrò burúkú láti gbé ibẹ̀. Ẹbí kan náà ni wọ́n pẹ̀lú àwọn tó ń mú ògì kan. Ẹ́sítírójìn ló ń bọ́ wọn. Bí oúnjẹ wọn bá tán, wọ́n á kó lọ, àlejò á gba ilé.

Àwọn olùwádìí méjì, Raz àti Stamm, dán èyí wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1993. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, tí àrùn ìtọ̀ ń padà ṣe léraléra, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn tó ń fi ìpara ẹ́sítírójìn sí ojú ara kò ní i tó ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, 0.5 ní ìpíndọ́gba. Àwọn tí wọ́n fún ní ìpara tí kò ní oògùn nínú ní i ní ìgbà 5.9. Àwọn oníṣègùn pàápàá kò yára mú ọ̀rọ̀ náà: títí di 2014, orúkọ tí wọ́n ń pe ìyípadà yìí kò mẹ́nu kan ìtọ̀ rárá. Ọdún náà ni wọ́n tó fi ọ̀nà ìtọ̀ kún un.

Títí dé ibí, ọ̀rọ̀ kòkòrò là ń sọ. Ìtọ̀ tí kò tán jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, òun gan-an sì ni kápúsù ń bò mọ́lẹ̀. Àpò ìtọ̀ àgbàlagbà ń gba nǹkan bíi mílílítà 400 sí 600. Ẹ ṣáà fi ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan ṣe ìwọ̀n. Kó tó dé ìdajì ló ti máa ń ta ẹni lólobó. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá bá tọ̀ tán, èyí tó ṣẹ́kù kì í sábà ju 50 lọ. Bó bá jẹ́ 300 ló ṣẹ́kù ńkọ́? Díẹ̀ tí kídìnrín bá tún sẹ̀ sí i, àpò ti kún, ìtọ̀ tún ti ń gbọ̀n ọ́n, àkúnwọ́sílẹ̀ á sì máa kán sáṣọ. Obìnrin náà á rò pé àpò ìtọ̀ òun kò lè di nǹkan mú mọ́. Òdì rẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀: ó ń di èyí tó yẹ kó jáde mú. Inú ìtọ̀ tó dúró sójú kan yẹn ni kòkòrò ń bí sí. Kápúsù pa ti òní, odò wọn ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ gbà pé ọkùnrin nìkan ni ìtọ̀ ń há mọ́ nínú, nítorí próséètì. Ó wọ́pọ̀ sára wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń rí i. Kí nǹkan oṣù dúró nìkan kì í sábà tó láti sé ìtọ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ orí yìí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń pàdé. Ìyá tó ti bí mẹ́rin márùn-ún, iṣan ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lè ti dẹ̀, kí àpò ìtọ̀ rọ̀ wọ ojú ara, kí ọ̀nà ìtọ̀ wá wọ́ bí rọ́bà omi tó ká. Fáíbírọ́ọ̀dù lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbẹ́ líle náà lè tẹ̀ ẹ́. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè mú kí àpò ìtọ̀ má mọ̀ pé òun ti kún. Oògùn pẹ̀lú: amitriptyline tí wọ́n ń fúnni fún ìrora tàbí ìbànújẹ́ ọkàn, àti hóró kékeré tí à ń jẹ bí ẹ̀pà nítorí kàtá àti ara yíyún, irú Piriton, ń mú iṣan àpò ìtọ̀ lọ́ra.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà mọ̀ pé ìtọ̀ kì í tán kò le. Dókítà á ní kí obìnrin náà tọ̀, wọ́n á wá ṣe síkáànù láti wo iye tó kù. Bó bá jẹ́ pé àpò ìtọ̀ ló rọ̀, òrùka rọ́bà kan wà tí wọ́n ń fi gbé e dúró láìṣe iṣẹ́ abẹ. Ìpara ẹ́sítírójìn ń tọ́jú gbígbẹ àti àrùn tó ń padà wá. Ẹni tó bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó lò ó. Iṣan tí kò bá lè ti ìtọ̀ jáde mọ́ rárá ní ọ̀nà tirẹ̀: ní 1972, Jack Lapides ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé aláìsàn lè máa fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìtọ̀ ara rẹ̀ nílé lójoojúmọ́, kí ọwọ́ àti rọ́bà ṣáà ti mọ́. Èyí tí kò gba ìdúró ni kí ìtọ̀ sé pátápátá, kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ibà àti ẹ̀yìn dídùn dé, tàbí kí abẹ́ àti itan kú tipiri. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Àwọn ọgbọ́n tí obìnrin ń dá fúnra rẹ̀ nílé tún fẹ́ àtúnṣe. Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n má mu omi. Ìtọ̀ tó ki, tó pupa, ń ta àpò ìtọ̀, ó sì ń mú ìgbẹ́ le; ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́ta sí mẹ́rin lójúmọ́ kò pọ̀ jù fún ẹni tí dókítà kò ní kó dín omi kù. Èkejì ni fífún abẹ́ pọ̀, eré ìdárayá tí Arnold Kegel gbé jáde ní 1948. Ìtọ̀ tó ń jò ló wà fún. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í tán, tó sì ń fún un pọ̀ lójoojúmọ́, ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó fẹ́ jáde.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù, nítorí inú ìbẹ̀rù tọ́lẹ́ẹ̀tì yẹn ló ti wá. Obìnrin dé ibi ayẹyẹ tàbí gáréèjì, kò fẹ́ kí ìdí òun kan àwo, ó bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀, orúnkún ń gbọ̀n, apá kan di yẹ̀rì mú. Ìwádìí kan ní Bìrìtéènì tó jáde ní 1991 rí i pé 85 nínú 100 obìnrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní tọ́lẹ́ẹ̀tì ìta. Nígbà tí wọ́n wọn ìtọ̀ wọn, agbára tó fi ń jáde dín ní 21 nínú 100, èyí tó ń ṣẹ́kù sì ju ìlọ́po méjì lọ. Iṣan itan àti abẹ́ ló le koko, àpò ìtọ̀ kò ráyè tú ara rẹ̀ ká. Ìlóṣòó orí ṣálángá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lóṣòó dé ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ dẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ààbọ̀ yìí ló burú.

Ẹni tí ara rẹ̀ bá kọ àwo náà, kó mú tíṣù dání, kó nù ún, kó tẹ́ òmíràn lé e, kó jókòó tìdítìdí. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, kó tẹ̀ síwájú, kó fi ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, kó má rin ara. Bó bá rò pé ó tán, kó mí díẹ̀, kó dìde, kó yí ìbàdí sọ́tùn-ún sósì, kó tún jókòó. Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu pé nǹkan ṣì wà níbẹ̀.