Ìwọ̀fà Àìsàn

Tí wọ́n bá ní ká sọ ìtàn Yorùbá, ogun àti ọba la máa ń sáré bá. Èmi fẹ́ sọ ìtàn gbèsè. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Gbèsè náà ní ìtàn tirẹ̀, ó sì ti bímọ.

Láyé àtijọ́, bí àìsàn bá wọlé, oníṣègùn ń fẹ́ owó, ẹbọ ń fẹ́ ẹran. Ẹni tí kò bá ní á lọ yáwó lọ́wọ́ olówó, á wá fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó kì í dín owó náà kù rárá, èlé ni. Ọjọ́ tí owó bá pé ló tó dòmìnira. Ẹni tó bá ń fi gbèsè ṣeré, wọ́n á rán ológò sí i. Ológò á jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, títí ojú á fi ti gbogbo agbo ilé. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921. Ìjọba òyìnbó ló fòfin de ìwọ̀fà níkẹyìn.

Lẹ́yìn náà, ìjọba tiwa gbìyànjú láti bá wa gbé ẹrù yìí. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ ń ṣolórí Ìwọ̀ Oòrùn, láti 1954 sí 1959, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ wà fún àwọn ọmọ tí kò tíì ju ọdún 18 lọ. Wọ́n ṣí UCH n'Íbàdàn ní 1957. Nígbà tó di 1960, wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 1979, ìwòsàn ọ̀fẹ́ wà lára ìlérí mẹ́rin tí UPN fi wọlé.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nígbà tí àwọn ṣọ́jà gbàjọba ní December 31, 1983, Sani Abacha sọ lórí rédíò pé àwọn ilé ìwòsàn wa ò ní oògùn, wọn ò ní omi, wọn ò ní irinṣẹ́. Ní 1986, SAP dé. Ní 1985, dọ́là kan ò tó náírà kan. Ní 1987, ó ti tó náírà mẹ́rin. Òkè òkun sì ni ọ̀pọ̀ oògùn ti ń wá. Láti ìgbà náà, kó o tó rí dókítà, wàá kọ́kọ́ rí akápò.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ń taṣọ. Jẹjẹrẹ ọmú mú wọn, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì yè. A dúpẹ́, a jó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ti lọ, ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi kọ́lé ti lọ. Àwọn tó yá wọn lówó ò wá jókòó sílé bíi ti ológò, fóònù ni wọ́n ń pè láago márùn-ún ìdájí. Ọmọ wọn obìnrin fi pólì sílẹ̀, ó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, gbogbo owó oṣù rẹ̀ ló ń bá gbèsè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí là ń pe ìyẹn, bí kì í bá ṣe ìwọ̀fà?

Èyí tó tún burú ni pé ìwọ̀fà àtijọ́ mọ iye tó jẹ. Oògùn tamoxifen tí àwọn dókítà ń kọ fún irú wọn, ojoojúmọ́ ni, fún ọdún márùn-ún, nígbà míì mẹ́wàá. Àyẹ̀wò ò sì dáwọ́ dúró. Ní June 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí wọ́n ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 460 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 1,400 ní 2024. Ìgbà yẹn ni màmá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fo ọjọ́ kejì. Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ̀yin náà ẹ dúpẹ́, ẹ ṣáà wà láyé." Wọ́n á dákẹ́. Ẹni tí Ọlọ́run yọ, báwo ló ṣe fẹ́ ráhùn?

Ká má parọ́, ìjọba ò sùn tán. NHIS bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ṣáájú. Aláṣọ ò ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti máa yọ owó oṣù rẹ̀. Òfin tuntun ti 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera, kí wọ́n sì ya owó kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláìní. Òfin ti wà nílẹ̀. Ẹ bi ìyá yín lọ́jà bóyá ẹnikẹ́ni ti wá kọ orúkọ wọn.

Láti 1960 la ti ń ka àwọn tí jẹjẹrẹ mú. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí àwọn tó yè ń san pẹ̀lú. Àìsàn ló ṣeé wò. Gbèsè tó bá fi sílẹ̀ náà yẹ kó ní oníṣègùn tirẹ̀.