Àtẹ́lẹsẹ̀ ń jóni, ojú ń ṣe bàìbàì: Ohun tí ìwádìí sọ nípa gàrí àti àrùn iṣan tí wọ́n rí ní Ẹ̀pẹ́

Àwọn àgbàlagbà kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn máa ń jó wọn bí ẹni tó tẹ eérú gbígbóná. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ náà á kú, wọn kò sì ní mọ ìgbà tí bàtà bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tàbí tí wọ́n bá dijú láti bọ́jú láàárọ̀, wọn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Lẹ́yìn náà ni ojú á di bàìbàì, tí etí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í di. Nínú ẹbí, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ló wà níbẹ̀, àwọn mìíràn á ní ogbó ló dé. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn oníṣègùn ti ń ṣèwádìí àrùn yìí, Ẹ̀pẹ́ sì wà lára àwọn ìlú tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀.

Orúkọ tí àwọn dókítà fún un ni tropical ataxic neuropathy, èyí tí wọ́n ń gé kúrú sí TAN. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní ṣókí ni àrùn iṣan tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, tí wọ́n ń rí ní ilẹ̀ olóoru. Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, títí wọ inú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ni pé oúnjẹ tí gbogbo wọn jọ ń jẹ lójoojúmọ́ ni àwọn onímọ̀ fi ẹ̀sùn kàn. Ẹ̀gẹ́ ni, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí, tí a fi ń ṣe gàrí, fùfú àti láfún.

OHUN TÍ ÀRÙN NÁÀ Ń ṢE

Iṣan kan wà nínú ara tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé ìròyìn láti ojú, etí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Àwọn iṣan wọ̀nyí ni TAN ń bá jà. Àmì mẹ́rin ni àwọn oníwádìí fi ń dá a mọ̀: kí iṣan ojú méjèèjì rọ, kí etí méjèèjì di nítorí iṣan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ènìyàn máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nítorí pé ẹsẹ̀ kò mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀, àti kí ìmọ̀lára dín kù ní ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ méjèèjì lọ́gbọọgba. Ẹni tó bá ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àmì mẹ́rin yìí ni wọ́n ń kà mọ́ àwọn tó ní àrùn náà.

Kì í pani lójú ẹsẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń wọlé, bóyá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tó sì ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn ni ọ̀nà àtijẹ rẹ̀. Ìyá tó ń tajà lọ́jà kò ní lè dá owó mọ̀ mọ́, àgbẹ̀ kò ní lè dá rìn lọ sóko, ẹni tó ń wakọ̀ ojú omi kò sì ní lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró nínú ọkọ̀.

LÁTI ÌGBÀ ÒYÌNBÓ DÉ ÌGBÀ ỌṢÚNTÓKUN

Láàárín ọdún 1930 sí 1940, oníṣègùn ojú kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, D. G. Fitzgerald Moore, kọ̀wé nípa àwọn tí ojú wọn ń ṣe bàìbàì, tí ẹnu wọn sì ń bó. Lára àwọn tó rí ni àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé, tí ẹ̀gẹ́ pọ̀ nínú oúnjẹ wọn. Èrò rẹ̀ ni pé oúnjẹ wọn kò ní àwọn fítámì tó yẹ. Ní ọdún 1936, oníṣègùn mìíràn, A. Clark, gbé ìbéèrè mìíràn dìde: ṣé kì í ṣe pé májèlé kan wà nínú àwọn ohun ọ̀gbìn tí àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń jẹ? Láti ìgbà náà ni èrò méjì yìí, àìtó oúnjẹ aṣaralóore àti májèlé inú oúnjẹ, ti jọ ń rìn pọ̀.

Ní ọdún 1958 ni G. L. Money gbé àbájáde tirẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Agbègbè Ẹ̀pẹ́ gan-an ni àkọlé rẹ̀ dárúkọ, àwọn àrùn iṣan tó wọ́pọ̀ níbẹ̀ ló sì dá lé lórí. Báyìí ni orúkọ Ẹ̀pẹ́ ṣe wọ inú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣègùn káàkiri àgbáyé.

Ẹni tó wá gbé ọ̀rọ̀ náà débi gíga ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọṣúntókun, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì, tí wọ́n bí ní ọdún 1935. Yunifásítì Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn ńlá UCH ló ti ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti di ọ̀kan nínú àwọn tí gbogbo àgbáyé mọ̀ nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan, kó tó di olóògbé ní ọdún 1995. Nínú iṣẹ́ ńlá tó gbé jáde ní ọdún 1968 nínú ìwé ìròyìn Brain, ó yẹ àwọn aláìsàn wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó sì fi ẹ̀rọ tó ń lo iná mànàmáná díẹ̀ wọn bí iṣan wọn ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín ìlú jáde, èyí tó fi oúnjẹ wé àrùn náà.

Ohun tí wọ́n rí ni pé èròjà kan tó ń jẹ́ thiocyanate pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn èròjà tí ara ń rí nínú pùrótéènì, tó yẹ kó gba ara lọ́wọ́ májèlé, kò tó. Àmì pé ara ti bá sáyánáìdì jà ni thiocyanate jẹ́. Ojú gbogbo ènìyàn wá yí sí ẹ̀gẹ́.

MÁJÈLÉ INÚ Ẹ̀GẸ́

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ Yorùbá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti gbé e wá sí Áfíríkà. Lónìí, Nàìjíríà ló ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ lágbàáyé.

Nínú ẹ̀gẹ́ tútù ni èròjà kan tó ń jẹ́ linamarin wà. Bí ẹ̀gẹ́ bá wà lódindi, èròjà yìí kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rin ín tàbí tí wọ́n lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ, èròjà mìíràn tó wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà á pàdé rẹ̀, á sì fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, sáyánáìdì á sì jáde. Afẹ́fẹ́ á gbé díẹ̀ lọ, omi tí wọ́n ń fún jáde nínú àpò á bá díẹ̀ lọ, iná tí wọ́n fi ń yan gàrí á sì lé púpọ̀ nínú ìyókù jáde. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá àtijọ́ fi ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa nínú àpò fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún kí wọ́n tó yan án. Wọn kò mọ orúkọ sáyánáìdì, síbẹ̀ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òṣùwọ̀n tí àjọ Codex, tó ń rí sí ìlànà oúnjẹ lágbàáyé, fi lélẹ̀ ni pé sáyánáìdì inú kílò gàrí kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ.

Bí ìwọ̀nba díẹ̀ bá wọ inú ara, ara lágbára láti sọ ọ́ di thiocyanate, kí ó sì bá ìtọ̀ jáde. Iṣẹ́ yìí gba èròjà tó wà nínú pùrótéènì. Ẹni tó bá ń jẹ ẹja, ẹran, ẹyin tàbí ẹ̀wà ní in. Ẹni tí ẹ̀bà àti ọbẹ̀ lásán bá jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ kì í ní in tó.

OHUN TÍ WỌ́N RÍ NÍ ÒSÓSÀ

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, Dókítà O. S. A. Olúwọlé láti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Hans Rosling ará Sweden wà lára wọn, padà sí Òsósà, ìlú Hubert Ogunde, tí kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Òsósà wà lára àwọn ìlú tí ìwádìí 1969 ti sọ pé àrùn náà wọ́pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n ka gbogbo ará ìlú, wọ́n jẹ́ 4,583. Wọ́n lọ láti ilé dé ilé, wọ́n sì fi ìbéèrè wádìí 3,428 ènìyàn tó ti pé ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà wá yẹ 323 wò fínnífínní nínú wọn. Igba ó lé mẹ́fà (206) ló ní TAN.

Èyí túmọ̀ sí ènìyàn 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn ọkùnrin, ó jẹ́ 3.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn obìnrin, ó jẹ́ 7.7. Èyí tó bani lẹ́rù jù ni ti àwọn ìyá tó wà láàárín ọgọ́ta ọdún sí ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin: 24 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní àrùn náà. Nígbà tí àbájáde yìí jáde ní ọdún 2000, àwọn oníwádìí kọ ọ́ pé àrùn náà kò tíì kúrò nílùú, pé ó tilẹ̀ pọ̀ ju ti 1969 lọ.

ÌDÍ TÍ ẸJỌ́ KÒ FI TÍÌ PARÍ

Bí ó bá jẹ́ pé sáyánáìdì nìkan ló fà á, a jẹ́ pé ibi tí sáyánáìdì bá ti pọ̀ nínú oúnjẹ ni àrùn náà gbọ́dọ̀ ti pọ̀. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ dán èyí wò. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé àbájáde jáde nípa ìlú kan tí sáyánáìdì láti inú ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ lára àwọn ènìyàn, síbẹ̀ tí àrùn náà ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003 kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí àwọn aláìsàn ń jẹ ló fa àrùn wọn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1974, Ọṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìròyìn jáde nípa bí wọ́n ṣe dán àwọn fítámì àti èròjà pùrótéènì wò gẹ́gẹ́ bí oògùn. Kò yọrí sí ìwòsàn tí wọ́n ń retí.

Èyí kò sọ pé sáyánáìdì kò léwu. Ní orílẹ̀-èdè Congo àti Mozambique, àrùn mìíràn tó ń jẹ́ konzo, tó máa ń sọ ẹsẹ̀ ọmọdé àti àgbà di gan-an lójijì, ti ṣẹlẹ̀ níbi tí ọ̀dá tàbí ogun ti mú kí àwọn ènìyàn máa jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí wọn kò ṣe jinlẹ̀. Ní Mozambique, ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó kọ lù ní ọdún 1981. Ohun tí ìwádìí ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ń sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí nǹkan mìíràn wà pẹ̀lú ẹ̀gẹ́, tí àwọn onímọ̀ kò tíì fi ọwọ́ kàn.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE

Kò sí oníwádìí kankan tó ní kí ará Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú má jẹ gàrí mọ́. Ohun tó yẹ ni kí àwọn tó ń yan gàrí má ṣe kánjú. Gàrí tí wọ́n rin lónìí tí wọ́n sì yan lọ́la nítorí pé oníbàárà ń dúró kò tíì bọ́ lọ́wọ́ májèlé tó bó ṣe yẹ. Ó tún yẹ kí ẹja Ọ̀sà, ẹ̀wà tàbí ẹyin máa bá ẹ̀bà rìn, pàápàá nínú àwo àwọn àgbàlagbà, tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń fi ẹran inú ọbẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá àrùn yìí mọ̀ fúnra rẹ̀. Àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ jóni. Àìtó fítámì B12, ọtí àmujù àti kòkòrò HIV náà lè ba iṣan jẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè fi hàn, ó sì ní ohun tí dókítà lè ṣe sí wọn. Nígbà mìíràn, ọ̀pá ẹ̀yìn ló fún iṣan mọ́lẹ̀, ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara ló sì máa ń tú u fó. TAN ní tirẹ̀ kò tíì ní ìwòsàn tó dájú, iṣan ojú tó bá sì ti rọ tán kì í sábà padà bọ̀ sípò.

Òkèèrè lolójú-jínjìn ti í mẹ́kún sun. Ìyá tó bá ń sọ pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun ń jó òun, tàbí tó ń ṣubú nígbà tó bá ń bọ́jú, ilé ìwòsàn ìjọba ní Ẹ̀pẹ́ tàbí Ìkòròdú ló yẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé e lọ, kí ojú tó di bàìbàì.