Wọ́n yọ kókó kékeré nínú ìfun yín: Ọdún mélòó ló yẹ kí ẹ dúró kí ẹ tó padà fún àyẹ̀wò?

Bí dókítà bá yọ kókó kékeré kúrò nínú ìfun ńlá ènìyàn, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé ìgbà wo ni kí onítọ̀hún padà wá. Àwọn kan rò pé ọdọọdún ni. Kò rí bẹ́ẹ̀: iye kókó náà, bí ó ṣe tóbi tó àti irú èyí tó jẹ́ ló ń pinnu rẹ̀.

Kí ni kókó yìí?

Polyp ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ara ìfun ló ti ń hù, kì í sì í sábà dunni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n irú èyí tí à ń pè ní adenoma lè dà á lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà ni wọ́n fi ń yọ ọ́ nígbà àyẹ̀wò colonoscopy, tí wọ́n ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà wo inú ìfun láti ihò ìdí.

Ọdún mélòó?

Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà ikùn àti ìfun ní Amẹ́ríkà fi síta lọ́dún 2020 nìyí:

- Adenoma 1 tàbí 2 tí kò tó mìlímítà 10: ọdún 7 sí 10.
- Adenoma 3 tàbí 4 tí kò tó mìlímítà 10: ọdún 3 sí 5.
- Adenoma 5 sí 10, tàbí ẹyọ kan tó tó mìlímítà 10: ọdún 3.
- Adenoma tó ju 10 lọ: ọdún 1.

Ní Britain, púpọ̀ nínú àwọn tí adenoma kékeré wọn kò tó 5 kì í ṣe colonoscopy mìíràn nítorí rẹ̀. Ètò àyẹ̀wò tó wà fún gbogbo ìlú ni wọ́n ń padà sí.

Àyẹ̀wò àṣejù kò ṣe ara lóore. Bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀, colonoscopy lè fa ẹ̀jẹ̀ tàbí kí ó dá ìfun lu.

Ta ni kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Dókítà lè tètè pe ẹni tí ìfun rẹ̀ kò mọ́ dáadáa lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ẹni tí wọ́n gé kókó ńlá rẹ̀ ní wẹ́wẹ́, tàbí ẹni tí òbí, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ ti ní jẹjẹrẹ ìfun.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, tàbí tí ẹ ń rù láìnídìí, ẹ má ṣe ka ọdún kankan. Ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ gba èsì méjì ní kíkọ sílẹ̀: ti colonoscopy àti ti yàrá àyẹ̀wò tó sọ irú kókó náà. Láìsí méjèèjì, dókítà mìíràn kò ní lè mọ iye ọdún tó tọ́ sí yín.