Ẹ̀wọ̀n, Òǹdè àti Gidan Yari

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbé Tudun Wada ní ìlú Jos kò ní pẹ́ gbọ́ gidan yari lẹ́nu àwọn Hausa. Ilé ọ̀gá wọ́dà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilé ni Hausa tẹjú mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àmì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ ẹlẹ́wọ̀n, tí àwọn ará Japan yá lò: ènìyàn kan láàárín ògiri mẹ́rin.

Irin ni Yorùbá ń wò ní tirẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ti jẹ́ irin tí a fi ń so ènìyàn kí ó tó di orúkọ ilé. Òǹdè tilẹ̀ yani lẹ́nu jù: òǹkọ̀wé ń kọ̀wé, òǹtajà ń tajà, ṣùgbọ́n òǹdè kì í de ẹnikẹ́ni, òun gan-an ni a dè. Àjàyí Crowther, tí a kó lẹ́rú ní Ọ̀ṣoogùn ní 1821, ṣàlàyé nínú lẹ́tà rẹ̀ ti 1837 bí ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo ṣe gba ọrùn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọjá ní Èkó. Òun náà ni ó wá ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ń pe ara rẹ̀ ní òǹdè.

Ní 2019, òfin ìjọba àpapọ̀ sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ilé àtúnṣe ìwà. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn ènìyàn ṣì ń pè é.