Gìtá Tí A Fẹ́ Tà

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ sọfítíwíà níbi iṣẹ́ kan náà pinnu lóṣù tó kọjá pé a máa ta gìtá wa. Gìtá onípákó ni, tòkunbọ̀, àwa mẹ́rin la jọ dá owó rẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Oníná la fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ẹnì kẹrin wa, tó ti wà ní Kánádà báyìí, pè wá lórí fóònù: "Ẹ má tà á o! Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ gbé sọnù ni?"

Ìbéèrè yẹn dùn wá, la bá lọ ń wo bí àwọn tó ṣíwájú wa ṣe ṣe tiwọn.

Nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú káàkiri Èkó láàárín ọdún 1930 sí 1940, ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ju ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Báńjò olókùn mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ń lu ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní jùjú. Ní 1936, Parlophone gba orin rẹ̀ sínú àwo. Orin inú pálọ̀ ni, orin tí èèyàn ń gbọ́ pẹ̀lú ife ẹmu lọ́wọ́.

Ẹ wò ó, kò sí gángan níbẹ̀! Ó yà wá lẹ́nu, torí ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé ọjọ́ tí wọ́n bí jùjú ni wọ́n ti bí gángan mọ́ ọn. Àmọ́ tí ẹ bá rò ó dáadáa, ibo ni gángan máa dúró sí? Báńjò wo ló lè bá gángan figa gbága nínú yàrá kan? Ẹ fi ọ̀pá lu awọ lẹ́ẹ̀mejì péré, ohùn olórin ti wọlẹ̀.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni makirofóònù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wá dé ọwọ́ àwọn olórin l'Ékòó. Àyìndé Bákàrè, tó ti ń ṣe àwo fún HMV láti 1937, tó sì ti fi úkúlélé-báńjò ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, gbé gìtá sórí iná ní 1949. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn ni gángan ti wọ inú jùjú. Bí gìtá àti ohùn ṣe wá ń ròkè, àyè wá ṣí sílẹ̀ fún ìlù sí i, ẹgbẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Èyí ló mú wa dákẹ́ fúngbà díẹ̀: ohun èlò òyìnbó tí a rò pé ó ń lé ìlù wa jáde, òun gan-an ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Látibẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò dúró mọ́. I. K. Dáíró, tó fi iṣẹ́ káfíńtà bẹ̀rẹ̀, mú àkọ́díọ̀nù wọ̀ ọ́. Wọ́n fún un ní MBE ní 1963. Ebenezer Obey àti Sunny Adé kó gìtá jọ bíi pé ẹbí ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n àdánù wà níbẹ̀ o. Ẹ gbọ́ àwo Túndé King, bí ohùn rẹ̀ ṣe rọra ń lọ lókè, láìbá ẹnikẹ́ni du àyè. A kò gbọ́ irú ẹ̀ mọ́ nínú jùjú tó tẹ̀ lé e.

Lọ́jọ́ Sátidé, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá ná gìtá náà. Yàrá kékeré ló ń gbé, ó ní kò fẹ́ èyí tó máa dí aládùúgbò lọ́wọ́. A tà á fún un, a fi àpò rẹ̀ ṣe jára. A gbé oníná wálé ní ìrọ̀lẹ́, a ṣẹ̀ṣẹ̀ so ó mọ́ ẹ̀rọ ni wọ́n mú iná lọ. A jókòó sínú òkùnkùn, a sì ń ta á bẹ́ẹ̀. Àwa mẹ́ta nìkan ló lè gbọ́ ọ.