Ọgbọ́n Ìlo Àkókò nínú Ìtàn-Àròsọ Yorùbá, 1929 sí 1969

A máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ìtàn lè bojú wẹ̀yìn, pé ó sì lè dá òǹkàwé dúró kí ara rẹ̀ máa wà lọ́nà. Àmọ́ inú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń mú àpẹẹrẹ, bí ẹni pé ọgbọ́n àyálò ni. Ìtàn lítíréṣọ̀ wa kò gbe èrò yìí.

Àlọ́ àpagbè sábà máa ń tọ ọ̀nà tààrà: ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ là ń kọ́kọ́ sọ. Orin inú rẹ̀ ló máa ń dá ìtàn dúró díẹ̀ kí ìṣẹ̀lẹ̀ tó tẹ̀síwájú.

Ní 1929, I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Obìnrin tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀ ló ń ròyìn ìgbà èwe rẹ̀. Àkókò méjì ló wà níbẹ̀: ìgbà tó ń kọ lẹ́tà àti ìgbà tó ń rántí. Nígbà tó jẹ́ pé a ti mọ ibi tí ayé rẹ̀ já sí, bó ṣe débẹ̀ là ń fẹ́ mọ̀. Bí lẹ́tà kan ti ń tẹ̀lé òmíràn, àwọn òǹkàwé ń retí èyí tó kàn. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ènìyàn gidi ni. Ó di ìwé ní 1930.

Ní 1938, D. O. Fágúnwà fi ìtàn sínú ìtàn nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀. Àkàrà-ògùn tó ti dàgbà ń sọ ìrìn àjò rẹ̀, ẹlòmíràn ń kọ ọ́ sílẹ̀. A ti mọ̀ pé ó bọ̀ láàyè, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, ìtàn á dúró, àwùjọ á tún pé jọ lọ́jọ́ kejì. Inú ìdádúró yìí ni ìfojúsọ́nà ti ń wá.

Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde. Nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bí èyí, ìwà ọ̀daràn ló ń ṣáájú, àlàyé rẹ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Bí Lápàdé ti ń tọpa síwájú, ohun tó ti kọjá ló ń wá.

Nítorí náà, kí àwa tí ń kọ́ olùkọ́ fi àwọn ìwé wọ̀nyí ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ to ìṣẹ̀lẹ̀ bó ṣe wáyé sí apá kan, kí ó to bí òǹkọ̀wé ṣe sọ ọ́ sí apá kejì, kí ó wá ṣàlàyé ìdí tí méjèèjì fi yàtọ̀. Ẹni tó bá lè ṣe èyí kò ní há orúkọ ọgbọ́n náà sórí lásán.